Àkànní, Kọ̀ǹpútà Ló Gbẹ, Kì í Ṣe Ìwọ

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀,
Ẹ̀yìn ojú irin,
Ifọ̀.

Sàhéèdì Àkànní ọkọ mi,

Àsàláàmù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Má dá mi lóhùn, mo ti mọ̀ pé ó ń lọ, mo ti fi ojú ara mi rí ẹ̀kẹ́ rẹ méjèèjì, Alihamudulilahi. Ọlọ́run tó bá mi nu omijé nù lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní jẹ́ kí omijé mìíràn wá mi kàn nítorí rẹ. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Àbújá kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tí o fi jáde nílé, òun náà lo máa fi wọlé, àmín.

Inú àpò aṣọ tuntun yìí ni mo fi lẹ́tà náà sí kó o má baà sọ pé o ò rí i, torí láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá gbé aṣọ lé ọ lọ́wọ́, àpò lo kọ́kọ́ máa ń ki ọwọ́ bọ̀, bí ẹni tí mo fi owó pamọ́ síbẹ̀ fún. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí ìyá òun ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù á sì máa já lágbedeméjì. Bí mo bá sì sọ ọ́ fún ọ nínú kọ̀ǹpútà, wàá rẹ́rìn-ín mi títí n ò fi ní lè parí rẹ̀. Nínú lẹ́tà, bó o bá ń rẹ́rìn-ín, n ò ní gbọ́.

O bi mí ní ìbéèrè rẹpẹtẹ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí n kò dáhùn. O bi mí pé kí ló dé tí mò ń fi àgúnmu ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ṣàìsàn. O bi mí pé ta ló ni aṣọ Iléyá tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. O tún bi mí pé kí ló ṣe àbúrò bàbá rẹ, Mùtíù, tó ń pè ọ́ láàárọ̀ kùtù tó ń ní kó o wúkọ́ kí òun gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ni màá dáhùn lónìí, kó o sáà fara balẹ̀ kà á.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ti di ẹrọ̀fọ̀, àwọn oníbàárà mi ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Adìyẹ wa dúdú yẹn ti yé ẹyin, inú apẹ̀rẹ̀ àkísà mi ló sàba sí, n kò sì lè mú àkísà kankan níbẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń ṣọ́ wọn bí ẹni tó bá mi rà wọ́n. Folúkẹ́ ìyá Tòún, tó ń ta abọ́ ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ní kí n kí ọ dáadáa. Òun ni Ọlọ́run fi ṣe sábàbí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kọ̀ǹpútà tó o ní kí wọ́n gbé wá fún mi nítorí kí n lè máa rí ọ dáadáa tó o bá pè, òun ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ Olúwajùwọ́n, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Akútè, ló gbé e dé. Ọmọ gidi ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun ti ẹrọ̀fọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣàlàyé fún mi pé àpótí kékeré yẹn ni ọpọlọ rẹ̀, pé tuntun ni, ṣùgbọ́n pé ojú rẹ̀, ìyẹn gíláàsì tí à ń wò, àlòkù tí òun rà ní Ìbafọ̀ ni, ti ayé àtijọ́, tí gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bíi fèrèsé, torí ohun tó o fi ránṣẹ́ kò ká èyí tó fẹ̀ gbọọrọ tó wà lóde báyìí. Mo ní kò burú, ojú àlòkù náà lèmi fúnra mi fi ń ríran.

Orí tábìlì máṣíìnì mi tó ti kọṣẹ́ ló gbé e kà. Mo rán aṣọ fún un, torí kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn fi sílẹ̀ níhòòhò, mo sì fi léèsì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó Ìmáàmù ṣe etí rẹ̀. N kì í jẹ́ kí àwọn oníbàárà sọ̀sọkúsọ níwájú rẹ̀, nítorí n kò mọ èyí tó máa gbé dé Àbújá nínú ohun tó bá gbọ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Nísàlẹ̀ gíláàsì náà, lápá ọ̀tún, obìnrin kékeré kan máa ń jókòó síbẹ̀ nígbàkígbà tó o bá pè, kò ju páálí ìṣáná lọ. Awò mi, ìgbà tí mo bá ń ránṣọ nìkan ni mò ń lò ó, nítorí náà n kò rí ojú obìnrin náà dáadáa, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn. Mo gbà pé òṣìṣẹ́ àwọn tó ni ìpè náà ni, tí wọ́n fi síbẹ̀ kó máa bá wa mójú tó o kí ọ̀rọ̀ má baà já. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Mo máa ń ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó ọmọ mi, òun náà á sì tẹ orí ba bí mo bá ti tẹ orí tèmi ba. Ọmọlúwàbí ni mo pè é. O bi mí nígbà kan pé Màámi, ta lẹ̀ ń kí, mo ní ìwọ ni, o ní kí ló dé tí mò ń fi ẹ kí ọ. Òun ni o.

Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ yọ nínú gíláàsì náà, mo dìde pé kí n dì mọ́ ọ, mo sì tún jókòó padà. Ta nìyí? Sàhéèdì mi tí èjìká rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà, òun ló gbẹ háńgógó báyìí. Ojú ti gùn, ọrùn ti gùn, èjìká ti wọnú, apá méjèèjì ti rí tíńrín. Ò ń rẹ́rìn-ín, o ní Màámi, ṣé ẹ rí mi dáadáa. Mo ní mo rí ọ. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára èjìká rẹ.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gba ojú gbọ́ lásán. Télọ̀ ni mí, ohun tí téèpù bá sọ ni mò ń gbà. Nígbà tó o tún pè, kàfùtáànì àwọ̀ eérú tí mo rán fún ọ kó o tó kúrò nílé lo wọ̀. Mo mọ bí mo ṣe gé e, mo mọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe jìnnà sí ẹnu àpò àyà. Mo ní kó o jókòó jẹ́ẹ́, mo ní iná ló fẹ́ lọ, mo sì na téèpù mọ́ gíláàsì. Téèpù kò gba awò lọ́wọ́ mi, ìka mi ti mọ̀ ọ́n. Mo wọ̀n láti ọrùn dé ẹnu àpò, mo wọ̀n láti èjìká dé èjìká, mo wá ṣírò rẹ̀ bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ wa láti máa rán aṣọ láti inú fọ́tò, torí láyé ìgbà yẹn, àwọn ará Ifọ̀ tó bá ti pẹ́ lókè òkun kì í ráyè wá wọn aṣọ, fọ́tò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ pé kí á rán aṣọ de àwọn. Mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò. Bí ẹni pé wọ́n pín ọ sí ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n sì mú ọ̀kan lọ nínú rẹ̀.

Mo tilẹ̀ rí i pé àpò aṣọ náà gan-an kò fẹ̀ tó bí mo ṣe rán an. Ibẹ̀ ló yẹ kí làákàyè mi ti jí. Ṣùgbọ́n mo ní àwọn alágbàfọ̀ Àbújá ló fi omi gbígbóná mú aṣọ mi súnkì, mo sì ṣépè díẹ̀ fún wọn. Bá mi bẹ ẹni tó ń fọṣọ fún ọ, mo ti gba èpè náà padà.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. O ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, iṣẹ́ ló pọ̀. Wọ́n ń wakọ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá mi ṣeré. Èmi tí mò ń fún ṣòkòtò wọn nídìí, tí mo tún ń fún un sí i, èmi náà ni kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbẹ tán ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìgbà tó wú ni wọ́n tó sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tó ti ń dun àwọn, pé àwọn kò fẹ́ kí àyà mi já ni. Dókítà ní ká ní a tètè wá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi títí di òní.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bi ọ́. Bí mo bá bi ọ́, wàá ní kò sí nǹkan kan, ohùn rẹ sì jọ tiwọn. A kì í sì í la ojú ẹni tó ń gbẹ sọ fún un pé o mà ti gbẹ o, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti dá a wó. Mo wá ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Mo fi àgúnmu ránṣẹ́, mo fi oyin ránṣẹ́, mo fi ògì bàbà ránṣẹ́. Mo dín àkàrà sàráà fún àwọn ọmọ iléekéwú, mo sì ní kí Alfa Bùrẹ́ímọ̀ bá mi fi ẹnu sí i. Wọ́n ṣe àdúrà tó jinlẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́, wọ́n sì ní bí àkàrà bá ṣẹ́kù kí n bu díẹ̀ sí i.

Iléyá wá ń bọ̀. Mo ní bí mo bá rán aṣọ rẹ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, á máa jó lára rẹ, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ á máa wò ọ́. Kí ojú má baà tì ọ́, mo gé e mọ́ ara tí mo rí nínú gíláàsì. Àkànní, bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí aṣọ yẹn, omijé ń já bọ́ sí i, ó ń pa ìlà náà rẹ́, mo tún ń fa òmíràn.

Aṣọ dé ọ̀dọ̀ rẹ. O pè mí, o ní Màámi, aṣọ ta nìyí, apá kan ṣoṣo ni mo rí kì bọ̀ ọ́. Ìwọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní tèmi, ńṣe ni mo tún ń ṣírò. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́, mo mọ̀ pé bí mo ṣe wọ̀n ọ́n ni mo ṣe gé e. Bí kò bá wá gbà ọ́, a jẹ́ pé ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà ni mo ránṣẹ́ pe Mùtíù. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sunkún bí ọmọdé, torí kò tíì gbàgbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ká má bi ọ́ léèrè ohunkóhun, òun á kàn máa pè ọ́ láàárọ̀ kó o wúkọ́, kí òun fi mọ bí àyà rẹ ṣe rí. Ó ní òun á wọkọ̀ lọ bá ọ ní Jímọ̀, òun á sọ fún ọ pé èmi ni mo dá wó sílẹ̀, pé mo ní kó o wá gbóhùn mi, nítorí kò sí ọmọ tó máa gbọ́ irú ìyẹn tó máa ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Bó o bá ti wọ Ifọ̀, a ò ní jẹ́ kó o padà mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ tààrà. Mo bi í pé iṣẹ́ rẹ ńkọ́, o kò tíì pé ọdún níbẹ̀. Ó ní ta ló ń bá òkú wá iṣẹ́. Mo gba irọ́ yẹn tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì lọ yá báàgì.

Ó wá di Alàmísì, ọ̀la ni Mùtíù máa gbéra. Folúkẹ́ ní òun fẹ́ fojú kàn ọ́ kí wọ́n tó gbé ọ dé, torí ọmọ òun náà ni ọ́, o jẹun nílé rẹ̀ tó bó o ṣe jẹ ẹ́ nílé mi. Ṣé o rántí bí Folúkẹ́ ṣe tóbi? Ó ti fi kún un. Kò gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ àfi kó fẹ̀gbẹ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. O pè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí obìnrin òṣìṣẹ́ inú gíláàsì yẹn bí mo ṣe máa ń kí i. Folúkẹ́ jókòó tì mí. Bó ṣe jókòó ni obìnrin mìíràn náà jókòó ti obìnrin inú gíláàsì yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Òun náà tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní ó dára, wọ́n ti fún un ní olùrànlọ́wọ́.

Awò mi wà lójú mi lọ́jọ́ náà torí ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tó o pè. Mo wá rí bùbá tí obìnrin kejì náà wọ̀. Àǹkárá onílabalábá ni. Labalábá tó wà lápá òsì rẹ̀ dorí kodò. Sàhéèdì, aṣọ yẹn kò ní èkejì láyé yìí, torí èmi ni mo rán an. Aṣọ Folúkẹ́ ni, kò tó o, mo ní láti yí apá kan gé, ó bá mi jà fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí labalábá tó ń fi orí rìn. Mo yíjú wo Folúkẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bùbá náà rèé lọ́rùn rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sókè. Mo fọwọ́ kan imú mi, ó fọwọ́ kan imú rẹ̀. Èmi tí mo ti ń kí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi.

Folúkẹ́ náà ti rí i. Ó sún mọ́ gíláàsì, ó wo ara rẹ̀ sókè sódò, ó wá ní, “Hàfísátù, bó bá jẹ́ pé bí mo ṣe rí nìyí, kí ni mo wá ń fẹ̀gbẹ́ wọlé fún?”

Ọ̀rọ̀ náà dà lé mi lórí bí omi tútù. Bí kọ̀ǹpútà bá lè mú odidi Folúkẹ́ kó sọ ọ́ di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí ni kò lè fi Sàhéèdì ṣe? Ìgbà yẹn ni mo ní kó o lọ gbé àwo ìjẹun rẹ wá, kó o gbé e sókè kí n rí i. O ní àwo kẹ̀, Màámi, mo ní gbé e wá. O gbé e sókè, àwo tó rí róbótó, ó gùn bí ẹyin nínú gíláàsì. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún, mo wá fa wáyà yọ lára ògiri torí n kò rántí bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. O pè sórí fóònù títí, n kò gbé e. Mo ti ń sáré lọ bá Mùtíù pé kó tú ẹrù. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán fún un, ó jókòó lé báàgì náà mọ́lẹ̀, ó sáà ń pe orúkọ Ọlọ́run.

Mo ránṣẹ́ pe Olúwajùwọ́n, lọ́jọ́ kejì ló dé láti Akútè. Ó kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan ni, ó gbá orí mú. Ó ní àṣìṣe òun ni, pé ojú tó fẹ̀ gbọọrọ ni òun so mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù òun nígbà tí òun ń tò ó, òun kò sì rántí yí ìwọ̀n inú rẹ̀ padà nígbà tí òun gbé ojú àlòkù sí i. Ó ní gíláàsì náà kì í ṣe gíláàsì lásán, àmì kéékèèkéé ló kún inú rẹ̀, tó tò sí ìbú, tó tò sí òró, pé iye wọn ni wọ́n ń pè ní rẹsolúṣọ̀n. Mo ní kó dúró ná, ó ti yé mi, òwú ni. Wọ́n gé aṣọ fún ẹni tó fẹ̀, wọ́n wá fi túláàsì fún un mọ́ ẹni tí kò fẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wà nínú aṣọ náà á sì fún mọ́ ọn. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kí n máa mú un bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé gbogbo ìgbà tí wọ́n fi fún ọ mọ́ inú rẹ̀ yẹn, ṣé kò dùn ọ́. Ó ní rárá. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn náà.

Ó ṣí ibì kan tí oríṣiríṣi iye wà, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí n wò. Ọ̀kan mú gbogbo nǹkan tóbi, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n etí wọn rí wúruwùru bí aṣọ tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì tó kú gé. Òmíràn mú wa sanra ju bí a ṣe wà lọ, Folúkẹ́ ní ká tètè kúrò níbẹ̀. Olúwajùwọ́n ní gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí wọ́n dá mọ́ ọn láti ilé, èèyàn lè fi òmíràn sí i, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gan-an ló máa ń mọ́ jù. Mo ní ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á wá kéré jù fún ojú mi ńkọ́, ó ní ibòmíràn la ti ń mú ọ̀rọ̀ tóbi, kì í ṣe ibí yìí. Mo ní kó fi tirẹ̀ gan-an sí i.

Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni gíláàsì náà ṣú, àyà mi já. Ó tún là, ó wá ń béèrè pé ṣé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń ka iye wálẹ̀, Olúwajùwọ́n sì ní bí a kò bá dáhùn, á dá ara rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àkànní, n kò dúró dè é. Mo kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà náà, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá ọmọ mi padà.” Olúwajùwọ́n na ọwọ́ kọjá lórí mi, ó tẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ó ti gbọ́ tèmi kó tó tẹ̀ ẹ́.

A wá pè ọ́. O yọ. Èjìká rẹ kún gíláàsì láti etí dé etí. Ẹ̀kẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Ikùn rẹ pàápàá wà níbẹ̀, èyí tó ò ń fi tábìlì bò. O rí i pé mò ń sunkún, o bi mí pé kí ló dé, mo ní àlùbọ́sà ni, o ní àlùbọ́sà wo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Kò sí àlùbọ́sà kankan. O ti wá mọ ohun tó pa mí lẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti ń kùn mí, mo sùn nínú ọkọ̀ Ajúwọ̀n, mo sùn lórí máṣíìnì, ara tù mí débi pé iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ kò bí mi nínú mọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ kó o ṣèlérí kan fún mi. Bí orí bá fọ́ ọ, pè mí. Bí inú bá rún ọ, pè mí. Má sọ pé o kò fẹ́ kí àyà mi já. Àyà mi ti já tó, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń já láìkú. Ohun tí kò lè gbà mọ́ ni kí ẹni tí mo fẹ́ràn máa rẹ́rìn-ín sí mi kó sì máa kú lọ. Fi ẹnu rẹ sọ ọ́ fún mi, má jẹ́ kí n tún máa fi téèpù wá a.

Aṣọ tuntun yìí, ara tí mo rí nínú ojú tuntun ni mo gé e mọ́, mo sì fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀ nítorí ikùn yẹn. Èyí àkọ́kọ́, wá ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́ kó o fi ta á lọ́rẹ. Àgúnmu náà, má dà á nù, gbé e pamọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi kí n fi ṣe sàráà ọpẹ́. Àkàrà ni mo fi bẹ̀bẹ̀, ti ọpẹ́ gbọ́dọ̀ jù ú lọ, kí Alfa Bùrẹ́ímọ̀ má baà rò pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Má jẹ́ kí owó náà gba inú kọ̀ǹpútà yìí kọjá o, kí wọ́n má baà tún fún un kù lójú ọ̀nà. Báǹkì tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni kó o fi í gbà. Kó o sì fi ti Mùtíù kún un, ó ti ra oúnjẹ ọ̀nà sílẹ̀, ìbànújẹ́ ló fi jẹ ìlàjì rẹ̀, ayọ̀ ló fi jẹ èyí tó kù.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O kò ní fi ara ṣe àárẹ̀. O kò ní pàdánù, a kò sì ní pàdánù rẹ. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi kọ́ ni màá sin ọ́. Ọmọ rẹ náà á ránṣọ fún ọ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ, àmín, àṣẹ.

Mo ti fẹ́ ká lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kù. N kò sọ àdúrà tí èmi fúnra mi ń gbà lásìkò yẹn fún ọ. Mò ń sọ pé Ọlọ́run, ohun tí ọmọ yìí ń fi pamọ́ fún mi, fi hàn mí kó tó pẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí Olúwajùwọ́n tún gíláàsì náà ṣe tán, tí gbogbo nǹkan mọ́ gaara, mo rí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ, mo rí ìṣó tó wà lára ilẹ̀kùn náà, mo sì rí híjáábù aláwọ̀ ewé tó kọ́ sórí ìṣó náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ọwọ́ sí etí rẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́.

Sàhéèdì, n kò bínú. Mo rò pé ikú lò ń fi pamọ́ fún mi, aya ni Ọlọ́run fi hàn mí. Iléyá ti dé tán, òun náà ní láti ráṣọ wọ̀. Má fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo ti jáwọ́ nínú rírán aṣọ láti inú gíláàsì. Má sì mú téèpù kó o ní o fẹ́ bá mi wọ̀n ọ́n, wọn ò tíì so yìgì yín. Mú un wá sílé. Ọwọ́ ara mi ni màá fi wọ̀n ọ́n.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàfísátù, Ìyá Télọ̀.